Ìwé Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ilẹ̀kùn

Ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó bá mi wí. Tí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ bá mi wí bó bá ṣe wù yín, nítorí èmi náà kò tíì yé bá ara mi wí.

Iṣẹ́ mi ni láti mójú tó àwọn yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì kan. Yàrá mẹ́tàdínlógún ni, gbogbo kọ́kọ́rọ́ wọn sì ń dún ní ìbàdí mi bí mo bá ń rìn. Ìyá Láàbù ni tọmọdé tàgbà ń pè mí níbẹ̀.

Kí n tó di Ìyá Láàbù, olùwádìí gidi ni mí. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ àwọn tó ń fi ìmọ̀ físíìsì wo ara ohun ẹlẹ́mìí. Ẹ̀jẹ̀ ni tèmi. Mo fẹ́ mọ bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe máa ń le sí i bó bá ti ń pẹ́ nínú àpò tí ilé ìwòsàn ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí. Sẹ́ẹ̀lì tó bá rọ̀ ni yóò gba inú iṣan tóóró kọjá. Èyí tó bá ti le, ńṣe ni yóò há.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí rẹ̀. Àwọn tó yẹ ìwé mi wò ní kí n wọn igba sẹ́ẹ̀lì sí i kí wọ́n tó lè tẹ̀ ẹ́ jáde. Igba péré! Ọ̀sẹ̀ tí lẹ́tà wọn dé gan-an ni àwọn tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ ìwádìí wa ní àwọn kò ṣe mọ́. Wọ́n gba tábìlì lọ́wọ́ mi, wọ́n wá ní iṣẹ́ kan ṣí sílẹ̀, ṣé mo lè máa bá wọn mójú tó àwọn láàbù? Mo ní mo lè ṣe é. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ẹ wá gbọ́ irú iṣẹ́ tó jẹ́.

"Ìyá Láàbù, síńkì ti dí."

"Ìyá Láàbù, ìbọ̀wọ́ ti tán."

"Ìyá Láàbù, ta ló jẹ búrẹ́dì mi nínú fíríìjì?" Nínú fíríìjì tí èmi fúnra mi kọ gàdàgbà sí lára pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ síbẹ̀!

Pròfẹ́sọ̀ kan wà tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń lo máíkírósíkóòpù, nígbà tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Lọ́jọ́ kan ó yọjú sí mi, inú mi dùn, mo rò pé ó fẹ́ bi mí ní ìbéèrè gidi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, gílóòbù ọ́fíìsì mi ń ṣẹ́jú." Mo gbé àkàbà. Mo pààrọ̀ gílóòbù. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún, mo bọ́jú, mo sì jáde lọ wo síńkì.

Bí inú ṣe ń bí mi lójoojúmọ́ nìyẹn. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi o. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ibi tí èṣù gbà wọlé.

Nínú yàrá kọkànlá, inú lọ́hùn-ún, níbi tí kò sí fèrèsé, ẹ̀rọ kan wà tí a ń pè ní Ẹ̀mú. Bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń fi ẹ̀mú mú irin gbígbóná, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ mú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tí yóò fà á, tí yóò sì wọn bó ṣe le tó. Ọ̀kan péré la ní. Kò fẹ́ kí ilẹ̀ mì rárá, bẹ́ẹ̀ orí wa gan-an ni àwọn ọmọ ọdún kìíní ti ń ṣe iṣẹ́ láàbù tiwọn, tí wọ́n ń wọ́ àga káàkiri. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni òkè dákẹ́. Nítorí náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni gbogbo ayé ń dù.

Ẹni tó bá fẹ́ lo Ẹ̀mú yóò kọ orúkọ àti wákàtí rẹ̀ sínú ìwé ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì láṣẹ láti ti yàrá náà pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Ẹ kúkú ti mọ ẹni náà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò parọ́.

Dígí kékeré kan ló yẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà. Mo lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn: Ẹ̀RỌ YÌÍ Ń GBA ÌTỌ́JÚ. Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ WỌLÉ. Mo fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi tún un ṣe.

Mo jáde láti lọ já ìwé náà kúrò. Ọwọ́ mi ti kan án. Ni mo bá ṣàkíyèsí pé gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Wọ́n rí ìwé, wọ́n sì yà sẹ́yìn. Kò sí síńkì, kò sí ìbọ̀wọ́, kò sí búrẹ́dì. Láti ọdún méjì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kankan kò pè mí.

Irú àpò ẹ̀jẹ̀ tí mo máa ń lò nínú ìwádìí mi ṣì wà nínú fíríìjì yàrá kẹrin, èyí tó ti kọjá ọjọ́ tí wọ́n lè fà á fún aláìsàn, tí ilé ìwòsàn fi ta wá lọ́rẹ. Mo lọ gbé e. Mo ní kí n kàn dán ẹ̀rọ wò. Sẹ́ẹ̀lì kan. Ó fà, ó rọra nà, nọ́ńbà jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin èèyàn mi, omi bọ́ lójú mi. Nígbà tí n ó fi gbójú sókè, aago mẹ́rin ti lù, mo sì ti wọn àádọ́rin.

Ìgbà tí mo jáde ni mo bá Kíákíá lórí bẹ́ńṣì.

Kíákíá ni orúkọ tí a sọ ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí oyè dókítà lọ́dọ̀ wa, nítorí kì í rìn, sísá ló máa ń sá. Àpótí yìnyín wà lórí itan rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó jókòó bí ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ṣé ó ti dá?"

"Ó kù díẹ̀," ni mo wí. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan tí mo fi pa á.

"Kò burú mà. Ẹ̀jẹ̀ yìí kúkú ti kú."

Ó ṣàlàyé fún mi. Aláìsàn mẹ́fà ló ń bá ṣiṣẹ́, tí dókítà fẹ́ fún ní oògùn tuntun. Ó gbọ́dọ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, kó sì tún un wọ̀n lẹ́yìn oògùn. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ náà, kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ó ti wọn àwọn márùn-ún. Ó ku ẹnì kan, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ wíwà.

"A lè fà á lẹ́ẹ̀mejì sí i," ló sọ. "Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ìwé àdéhùn gbà wá láyè. Bàbá náà ní kò sí wàhálà."

Ó yẹ kí ìyẹn tó mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi sì ni àgbà ọjà náà. Ṣùgbọ́n àádọ́rin ti wọ̀ mí lórí. Igba dín àádọ́rin, ó ku àádóje. Ìṣirò tí mò ń ṣe títí mo fi délé nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo tún lẹ ìwé náà. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Mo sọ fún ara mi pé mo ń yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn ẹ̀rọ báyìí ń fẹ́ àyẹ̀wò, àbí wọn kì í fẹ́? Mo wọn ọgọ́ta. Kíákíá tún da ẹ̀jẹ̀ nù.

Bàbá àwọn ọmọ mi, káfíńtà ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà, bó ṣe rí i pé mò ń kọrin nídìí abọ́ tí mò ń fọ̀, ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní Ẹ̀mú ló tún dákú, òun ni mo dúró tì.

Ó wò mí. "Ẹ̀rọ wo ló mọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn nìkan ló ń ṣàìsàn?"

"Bàbá, ẹ ò mọ̀ nípa ẹ̀rọ yẹn."

"Lóòótọ́, mi ò mọ̀ nípa ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ayùn mi bá kú, mi ò kì í kọrin wọlé."

Inú bí mi. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, gbogbo ayé ló ní ohun tí wọ́n fi ń dùnnú, èmi nìkan ni kò gbọdọ̀ ní. Ó ní òun ò bá mi jà. Ó lọ sùn. Mo dúró síbẹ̀, mò ń nu abọ́ tó ti gbẹ.

Kíákíá wá bá mi ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìgbà kẹta. Kò sá. Ó rọra rìn wọlé.

"Mà, Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni àfàkẹ́yìn. Dókítà ní òun ti dá oògùn Bàbá dúró fún oṣù kan nítorí tiwa, òun ò lè dá a dúró mọ́. Ọjọ́rú ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Bó bá ti gbé e mì báyìí, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti yí padà nìyẹn. Mo ti kọ orúkọ mi, aago mẹ́sàn-án sí aago kan."

"Fọkàn balẹ̀," ni mo wí. "Ẹ̀rọ á dá ṣáká."

Mo sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́! Ẹ gbà mí gbọ́. Ètò mi ni pé n ó dé ní kùtùkùtù, n ó wọn àádọ́rin tó kù, n ó sì parí kó tó di aago mọ́kànlá. Kíákíá á ṣì ní wákàtí méjì. Wákàtí méjì tó ẹni tó mọ iṣẹ́.

Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo tan ẹ̀rọ náà. Mo lẹ ìwé mi mọ́ ilẹ̀kùn.

Ní aago mọ́kànlá, mo ti wọn ogójì péré. Ẹ̀jẹ̀ náà ti gbó, àwọn sẹ́ẹ̀lì ń lẹ̀ mọ́ra. Mo ní kí n lo ìdajì wákàtí sí i. Ìtọ̀ gbọ̀n mí, mo jáde.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, àwọn méjèèjì. Kíákíá pẹ̀lú àpótí yìnyín rẹ̀, àti bàbá arúgbó kan tó dé fìlà, tí wọ́n fi òwú àti bándéèjì di apá rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá," ni bàbá náà wí. "Èmi ni mo ní ẹ̀jẹ̀ yẹn. Mo ní lónìí, mi ò ní í lọ sílé, mo fẹ́ fojú ara mi rí ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn yìí. Báwo ni ara ẹ̀?"

"Ó ń sàn díẹ̀díẹ̀, Bàbá. Ẹ ṣe sùúrù."

"A óò ṣe sùúrù. Ẹ̀rọ ò yàtọ̀ sí èèyàn. Ẹ rọra tọ́jú ẹ̀."

Mo kọjá lọ. Mo padà. Mo tún kọjá níwájú wọn. Bàbá náà tún kí mi kú iṣẹ́. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sídìí Ẹ̀mú, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Kò sí ibi tó dùn mí nínú ìtàn yìí tó ibẹ̀ yẹn. Mo rí i, mo kí i, mo mọ aago tó lù, mo sì padà lọ wọn ẹ̀jẹ̀ inú àpò. Ẹ̀jẹ̀ tèmi lè dúró di Ìṣẹ́gun mìíràn, àní di oṣù mìíràn. Tirẹ̀ kò lè dúró.

Aago méjìlá. Àádọ́sàn-án ó lé mẹ́ta, ọgọ́sàn-án, ọgọ́sàn-án ó lé méje. Aago kan. Igba dín mẹ́rin.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Mò ń wọn sẹ́ẹ̀lì lọ. Wọ́n tún kàn án, lẹ́yìn náà mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Mo gbàgbé pé ọ̀gá ẹ̀ka wa ní ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá ẹ̀ka ló wọlé, pẹ̀lú ẹnjiníà àwọn tó ta ẹ̀rọ náà fún wa. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀mú ti sú ọ̀gá. Òun fúnra rẹ̀ ló pè é, aago mẹ́wàá ni wọ́n sì jọ dá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹnjiníà dá a dúró lójú ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn wọn. Àwọn ará bẹ́ńṣì ń wò wá.

"Ìyá Láàbù, ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni ọ̀gá wí. "Mo mú olùrànlọ́wọ́ wá. Kí ló ń ṣe é gan-an?"

Lójú kọ̀ǹpútà, sẹ́ẹ̀lì kan wà lẹ́nu Ẹ̀mú, ó nà gbọọrọ, nọ́ńbà rẹ̀ sì ń yí.

"Mò ń... mò ń dán an wò ni, sà."

Ẹnjiníà náà sún mọ́ ẹ̀rọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìdí àpótí ìmọ́lẹ̀. Ojú kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń ka wákàtí tí iná ẹ̀rọ bá fi tàn. Àìmọye ọdún ni mo ti ń rí i. Kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé ó lè jẹ́rìí.

Ó yọ ìwé kan láti inú báàgì rẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé ìwé ńlá ẹnu ọ̀nà wá. Ó ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Oṣù tó kọjá ni mo wá síbí kẹ́yìn," ló wí. "Láti ìgbà náà, ogójì wákàtí ni àwọn èèyàn kọ pé àwọn lò. Ẹ̀rọ ní òun tàn fún wákàtí mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Mà, ta ló lo mọ́kàndínlógún yòókù?"



"Kò bàjẹ́ rárá," ni ẹnjiníà sọ fún ọ̀gá. "Ó wà ní pípé."

Bàbá arúgbó ti dìde lórí bẹ́ńṣì. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà.

"Mítà ni nǹkan yẹn, àbí?" ló bi wọ́n. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wakọ̀. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ ọ̀gá jáde láìgbàṣẹ, mítà ló ń kọ́kọ́ tú u fó." Ó wá yíjú sí mi. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ látàárọ̀?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ẹ̀yin lẹ ní ká ṣe sùúrù?"

Mo kúnlẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Kíákíá kò pariwo, kò bú mi. Ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago kan ti kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Bàbá náà ká apá aṣọ sókè, ó tú bándéèjì, ó na apá sí i. "Ọmọ mi, tún un fà. Mo ṣì ní ẹ̀jẹ̀ lára."

"Ìwé àdéhùn ò gbà, Bàbá," ni Kíákíá wí, ohùn rẹ̀ sì ti já. "Ẹ̀ẹ̀mẹta náà nìyẹn. Ó ti pé."

Ojú àpá abẹ́rẹ́ mẹ́ta wà lápá rẹ̀, àkọ́kọ́ ti dúdú, ìkẹta ṣì pupa. Ó wò wọ́n, ó wò mí.

"Ẹ̀rọ tí ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀ ń sọ pé ó ń ṣàìsàn," ló wí. "Èmi tí mò ń ṣàìsàn lóòótọ́, mo dìde wá lẹ́ẹ̀mẹta."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ.

Wọn ò lé mi. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ìbá sàn kí wọ́n lé mi. Ọ̀gá ẹ̀ka gba kọ́kọ́rọ́ yàrá kọkànlá lọ́wọ́ mi, ó sì pàṣẹ pé ẹni méjì ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé kí a tó lè ti ẹ̀rọ kankan. Ó ní nọ́ńbà tí mo jí wákàtí wọ̀n, òun ò ní gbà kó jáde lórúkọ ẹ̀ka wa. Igba dín mẹ́rin. Wọ́n ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà, kò sí ẹni tó máa rí wọn láéláé.

Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi lọ bẹ bàbá arúgbó náà nílé. Ó fún wa lága, ó fún wa lómi. Oògùn náà ti ń bá a lára mu, ojú rẹ̀ ti mọ́. Ó ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni mo ṣẹ̀.

Mo lọ bá Kíákíá. Ó ní, "Mo ti gbọ́ mà." Ìyẹn nìkan. Láti ọjọ́ náà, bó bá rí mi lọ́nà, yóò kí mi, yóò kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ti yẹ, yóò sì kọjá ní kíákíá.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ tí ẹ kò fẹ́ wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì ní kọ́kọ́rọ́ ohun tí ẹlòmíràn nílò, mo bẹ̀ yín. Inú lè máa bí yín. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ má kàn jẹ́ kí ìbínú yín jókòó sórí wákàtí ẹni ẹlẹ́ni.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Kíákíá gba oyè rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló fi pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, torí àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò bi í léèrè, wọ́n tún bi í léèrè, ìdí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò fi pé. Iṣẹ́ mi ni láti gba ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ parí, kí n tò ó sórí pẹpẹ. Mo ṣí tirẹ̀. Ní ojú ìwé ìdúpẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Dírẹ́bà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnjiníà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Mo wá orúkọ mi títí, kò sí níbẹ̀.

Mo ṣí i síwájú, mo dé ibi tó to nọ́ńbà rẹ̀ sí. Ìlà mẹ́fà fún aláìsàn mẹ́fà. Ṣáájú oògùn, lẹ́yìn oògùn. Gbogbo àpótí ló ní nọ́ńbà nínú, àfi ẹyọ kan lórí ìlà ìkẹyìn, lábẹ́ "ṣáájú oògùn". Òfìfo ni. Kò kọ ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀, kò sọ̀rọ̀ mi láìdáa.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ara mi nínú ìwé náà.